Ìmóṣùwọ̀ntọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọ̀ Fọ́tò àti Ojú Kọ̀ǹpútà

Wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway, ní Dagenham, wọ́n fi ń pe àwọn onífọ́tò ọmọ Yorùbá sí ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ náà wúlò: bí a ṣe lè ṣe é tí àwọ̀ tí a rí lójú kọ̀ǹpútà yóò fi jẹ́ òun náà ni yóò jáde lórí bébà. Èdè ìwé náà ló bí mi nínú. Wọ́n pe mọ́nítọ̀ ní "alábòójútó", àfi bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ní ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí wọ́n sì ní ká ṣe fún alábòójútó yìí ni "ìṣàtúnṣe ìdíwọ̀n àwọn àwọ̀ tó péye". Mo kà á títí, n ò mọ ẹni tó fẹ́ ṣe kí ni fún ta ni.

Bẹ́ẹ̀, ìṣòro tí ẹ̀kọ́ náà fẹ́ yanjú kì í ṣe àjèjì. Ẹni tó bá ti ya òde ìgbéyàwó wa rí ní Barking tàbí Dagenham á ti bá a pàdé. Lójú kọ̀ǹpútà, gèlè ń dán, léèsì pọ́n wẹ̀ẹ̀. Nígbà tí fọ́tò bá dé, gbogbo ẹbí á ṣókùnkùn bí ẹni tí iná lọ mọ́ lójú. Ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà ló fà á. Òmíràn máa ń tàn ju 250 kandẹ́là lọ ní mítà kan níbùú lóròó bó ṣe ń jáde láti ilé iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 80 sí 120 làwọn tó ń tẹ fọ́tò ń fẹ́. Nítorí pé ó tàn jù, onífọ́tò á fa ìmọ́lẹ̀ fọ́tò wálẹ̀, bébà ló sì máa gbé òkùnkùn náà. Ẹ̀rọ ìwọn-àwọ̀ tí a ń gbé kọ́ ojú kọ̀ǹpútà ló ń yanjú èyí: ó ń ka àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ohun tó yẹ kó jẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan kò yẹ kó mú wa jà. Ojú kọ̀ǹpútà, ìnkì, bébà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé: ó tán. Gámà, tí a sábà máa ń gbé sí 2.2, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ gámà. Kelvin, tí a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, orúkọ èèyàn ni. Pírófáìlì, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ kan ṣe ń fi àwọ̀ hàn, tí ẹgbẹ́ ICC ti ń ṣètò òfin rẹ̀ láti 1993, a lè pè é ní àkọsílẹ̀ àwọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé pírófáìlì ló wù òun, n ò ní bá a fà á.

Fún àwọn tó fẹ́ ká fọ èdè mọ́ pátápátá, mo ní ẹ̀rí kan. Nítòsí ibí, ní Ilford, ni Alfred Harman ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwo fọ́tò ní 1879. Nínú Dagenham gan-an, May & Baker, àwọn tó ṣe oògùn M&B tí àwọn òbí wa lò, máa ń ṣe kẹ́míkà fọ́tò pẹ̀lú nígbà kan rí. Inú irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rì fọ́tò bọ̀ láyé ọjọ́sí, ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé a fọ fọ́tò. Lónìí, omi ò kan ọ̀pọ̀ fọ́tò mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń fọ̀ ọ́. Ìgbìmọ̀ kankan ò jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó wá kan èyí tó le: kí la fẹ́ pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìwọn-àwọ̀ ń ṣe yìí gan-an?

"Ìṣàtúnṣe" kò ṣe é lò. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ojú kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí náà sì nílò iṣẹ́ yìí. "Ìdíwọ̀n" ńkọ́? Létí tèmi, ẹni tó bá ní òun díwọ̀n nǹkan kò tíì gbé e sórí òṣùwọ̀n, ojú ló fi wò ó. Ojú sì ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó fẹ́ tàn mí ni "kúnjú òṣùwọ̀n", nítorí ó dùn lẹ́nu, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Gààrí ló ń kúnjú òṣùwọ̀n. Bí ẹni tó ń tà á bá ti lu ìdí kọ́ńgò wọnú, gààrí á kún un dé ẹnu, oníbàárà á sì tún jìyà. Kọ́ńgò ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ojú kọ̀ǹpútà ni kọ́ńgò tiwa. Fọ́tò ni gààrí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tá a ń wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. À ń mú òṣùwọ̀n tọ́. Bí a ṣe ń sọ pé "mú owó wá" di "mówó wá", bẹ́ẹ̀ ni "mú òṣùwọ̀n tọ́" yóò di "móṣùwọ̀n tọ́". Fi ì síwájú: ìmóṣùwọ̀ntọ́. Ó ṣe é sọ láìkọsẹ̀, ó sì ṣe é tú ká padà: "Mo ti móṣùwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà mi tọ́." Ọ̀rọ̀ orúkọ tí kò bá ṣe é tú padà sí gbólóhùn, ìwé atúmọ̀ nìkan ló máa ń gbé.

Ìwé orí ògiri yẹn tún pe àwọ̀ tó ṣì wọlé sínú fọ́tò ní "àbàwọ́n àwọ̀". Àbàwọ́n kẹ̀? Ara aṣọ àti ara orúkọ ni tìyẹn ń wà. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ ìṣe fún un: nǹkan ń pọ́n, ó ń dú, ó ń fun. "Fọ́tò yìí ń pọ́n" ti parí ẹjọ́. Funfun 5000 kelvin, tí wọ́n fi ń yẹ fọ́tò orí bébà wò, pọ́n díẹ̀ ju funfun 6500 tí a sábà máa ń gbé ojú kọ̀ǹpútà sí. Òyìnbó ní ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Èyí tí kelvin rẹ̀ ga jù ni wọ́n sì ń pè ní tútù! Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Ti búlúù ló kù. Àwọn kan á ní "àwọ̀ ojú sánmà". Sánmà ibo? Ti Dagenham lóṣù kọkànlá, eérú ni. Aró dára, ṣùgbọ́n bí aláró bá ṣe rẹ aṣọ tó ló ń sọ bó ṣe máa dú tó. Àwọ̀ kan ṣoṣo kọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ, búlúù ni kó jẹ́. Ìnkì mágẹ́ńtà náà kì í ṣe elésè àlùkò. Ẹyẹ ni àlùkò, ẹ má fi ẹyẹ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ẹni tó bá fẹ́ lẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, mo bẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ kà á sétí ẹni tó ń fọ fọ́tò. Bí kò bá mọ ohun tó o ní kó ṣe, má tíì tẹ̀ ẹ́.