Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Iná? Láti Ìjọra Dé Inú Yàrá Wa

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹni tó bá ti gbé Èbúté Mẹ́ta rí mọ ariwo kan tí kò sí nínú ìwé gírámà kankan. Bí iná bá ṣe dé báyìí, àwọn ọmọdé láti Òpópónà Jebba títí dé Òpópónà Denton á figbe ta: "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!" NẸ́PÀ fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé láti 2005. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo yìí kò tíì wáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ ò kú. Lójú tèmi, ariwo yẹn ni ìtàn tó kúrú jù lọ tí a ní nípa iná: àlejò ni iná. Àlejò là ń kí bẹ́ẹ̀, ta ló ń hó yèè nítorí pé onílé wọlé?

Àdúgbò tiwa gan-an ni kò sì yẹ kí iná ti ṣàlejò. Èkó rí iná mọ̀nàmọ́ná ní 1896, ọdún 14 péré lẹ́yìn tí Edison tan tirẹ̀ ní Pearl Street ní New York. Ní 1923, ìjọba amúnisìn ṣí ilé iṣẹ́ iná ńlá sí Ìjọra, tí ẹni tó bá ti Ọ̀yìngbò gbéra lè fẹsẹ̀ rìn dé. Èédú ló ń jẹ, Ẹnúgu ni èédú ti ń wá. Ẹ fọkàn yàwòrán òkìtì dúdú yẹn. Oòrùn tó ràn sára igi nígbà tí èèyàn kankan ò tíì dáyé ló sùn sínú èédú, nítorí náà òkìtì yẹn ni bátìrì Èkó nígbà náà. Wọ́n á kó o sínú iná, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó ti ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, wọ́n á máa wo ojú aago tó ń sọ bí ooru ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó wà nílé ní Òpópónà Freeman kò ní nǹkan kan láti ṣọ́ ju súìsì ara ògiri lọ.

Ẹlòmíì ló ń sanwó ìṣọ́ yẹn o. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà èédú ní Iva Valley, ní Ẹnúgu, nígbà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn. Èèyàn 21 ló kú. Bí àwọn bàbá wa bá ń sọ pé iná ayé ìgbà yẹn dùn, ká máa rántí wọn.

Òfin dá ECN sílẹ̀ ní 1950. Ní 1964, Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ère Ṣàngó, wọ́n sì gbé e dúró síwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina. Èmi tí mò ń kọ́ Yorùbá kì í lè kọjá níbẹ̀ kí n má rẹ́rìn-ín. Ṣebí ọba tí ìtàn sọ pé àrá ọwọ́ ara rẹ̀ ló jó ààfin rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe olórí ilé iná! Agbára wà lọ́wọ́ Kábíyèsí, ẹni tó máa pá a láyà ni kò sí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, a ó padà sí i. Ní 1972, wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó ìsédò odò Ọya, wọ́n pè é ní NẸ́PÀ. Ó di PHCN ní 2005. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n gbé e lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, tiwa sì bọ́ sọ́dọ̀ Eko Disco. Orúkọ ń yí, àwa ń ra àbẹ́là.

Lẹ́yìn àbẹ́là ni jẹnẹrétọ̀ kékeré dé, èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní "I better pass my neighbour." Òun ló kọ́kọ́ gbé ìṣọ́ iná kúrò ní Ìjọra wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti gba ipò òkìtì èédú. Mélòó ni a ò tíì gbọ́ pé wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, tí wọn ò sì jí láàárọ̀? Èéfín rẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá tí kò tó 200 náírà ní Èkó kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n ní kí àwọn tó wà ní Band A máa san 225 náírà lórí kilowatt-hour kan. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú sókè wo oòrùn.

Oòrùn ò wọ́n wa. Ibi tí a máa pa á mọ́ sí ni wàhálà. Bátìrì tí a kọ́kọ́ mọ̀ ni bátìrì olójé, èyí tí Gaston Planté ṣe ní Faransé ní 1859. Òjé ò ṣàjèjì sí Yorùbá, ẹ wo ọrùn ọwọ́ àwọn ọlọ́bàtálá. Ṣùgbọ́n òjé inú ásíìdì ní ìwà tirẹ̀: bí o bá ń lò ó kọjá ìdajì, ikú ló ń sáré bá. Bátìrì ńlá fóltì 12, 220Ah, jẹ́ 2.64 kilowatt-hour lórí ìwé. Èyí tó ṣeé lò lójoojúmọ́ láìpa á kò ju nǹkan bí 1.3 lọ. Tó bá sì kú tán, òkú rẹ̀ ò kí ń sùn jẹ́ẹ́. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar, àwọn èèyàn ń fọ́ òkú bátìrì lágbàlá. Láàárín oṣù Kọkànlá 2007 sí oṣù Kẹta 2008, ọmọdé 18 ni májèlé òjé pa níbẹ̀. Kò jìnnà sí wa náà: ní 2025 ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ ìyọ́-òjé kan pa ní Ògìjo, ìdí Ìkòròdú.

Lítíọ̀mù wá dé. Ká má purọ́, àpò ṣòkòtò wa ló gbà wọlé. Láti oṣù Kẹjọ 2001 tí GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà la ti ń gbé e kiri nínú fóònù. Stanley Whittingham ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Exxon láàárín ọdún 1970 sí 1980, àmọ́ tirẹ̀ a máa gbiná. John Goodenough rí ọ̀nà kóbáltì ní Oxford ní 1980, Akira Yoshino fi èròjà bí èédú rọ́pò ògidì lítíọ̀mù ní 1985, Sony gbé e dé ọjà ní 1991. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019. Bàbá Goodenough jẹ́ ẹni ọdún 97 nígbà náà. Ọdún tó ṣáájú èyí tí Ìjọra tanná ni wọ́n bí i.

Bàbá yìí kan náà ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Texas tún fi irin àti fọ́sífétì ṣe òmíràn, tí wọ́n kọ ìwé lé lórí ní 1997. Òun ni wọ́n ń pè ní LFP. Ibí yìí ni ẹni tó fẹ́ ra sẹ́ẹ̀lì fún ilé ti gbọ́dọ̀ dúró rò ó dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì NMC, tó ní kóbáltì, fúyẹ́, ó sì ń gbé agbára púpọ̀ sínú ibi kékeré. Ó dára fún ohun tó ń rìn. Ṣùgbọ́n tí ooru bá gun orí rẹ̀ tán, àwọn èròjà inú rẹ̀ fúnra wọn máa ń tú ọ́síjìn jáde, ó di pé iná ń fún iná lóúnjẹ. LFP wúwo jù ú lọ díẹ̀, àmọ́ ọ́síjìn rẹ̀ dì mọ́ fọ́sífétì gírígírí, kì í tètè tú. Kò túmọ̀ sí pé kò lè gbiná o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, ọjà ló ń tà. Ó kàn ń fún èèyàn láàyè sí i ni. Ta ló ń gbé bọ́ńgálò nínú wa? Nínú ilé fésì-mí-n-fésì-ẹ, tí yàrá mẹ́wàá ń wo ara wọn lójú, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Nítorí náà, LFP ni mo dìbò fún. Kò sí kóbáltì Kóńgò nínú rẹ̀ náà. Ọwọ́ wa ò sì tíì mọ́ tán, torí pé ní 2024 àwọn oníròyìn bá àwọn ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa lítíọ̀mù ní Nasarawa.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Sẹ́ẹ̀lì LFP kan jẹ́ fóltì 3.2. Tó bá kún dé 3.65, kí ẹ dá a dúró; tó bá wálẹ̀ dé 2.5, kí ẹ dá a dúró. Mẹ́jọ tí a tò léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100Ah, yóò fún wa ní fóltì 25.6, ìyẹn 2.56 kilowatt-hour. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá bátìrì olójé ẹ̀ẹ̀kan dọ́gba lórí ìwé, àmọ́ èèyàn lè lo bíi 2.2 nínú tirẹ̀ lójoojúmọ́ kó má bínú. Fáànù kan, gílóòbù mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n àti laptop nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ju 1.6 lọ láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Fíríìjì ò sí níbẹ̀ o, ẹ máa rántí.

Ṣé ẹ rántí Ṣàngó? Ibi tó ti dé rèé. Ká sọ pé a to sẹ́ẹ̀lì 16 léra fún ínfátà fóltì 48. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà ní 3.4, ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ aláìlera ti kún dé 3.65. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 54.65. Àròpọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ tó ń gba oòrùn wọlé ń rí. Wọ́n ti ní kó máa rọ ọ́ dé 56, nítorí náà yóò máa rọ ọ́ lọ, ọ̀kan yẹn á sì máa wú. BMS ló ń wo ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló ń já okùn kí ọ̀kan tó ba gbogbo wọn jẹ́, òun náà ló ń mú wọn bára dọ́gba. A jiyàn títí ní kíláàsì lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ẹ́. Ẹnìkan ní "alábòójútó bátìrì." Ó gùn jù. Mẹ́gáàdì ni mo pè é ní tèmi.

Kì í ṣe gbogbo mẹ́gáàdì ló gbójú. Ínfátà 5 kilowatt lórí fóltì 48 lè fa ju 110 áńpíà lọ, nítorí náà BMS 100 áńpíà kò tó o. 150 tàbí 200 ni kí ẹ wò. Kí ẹ rí i pé wáyà tó ń wọn ooru lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, kó má fì dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Kí ẹ tún fi fíúsì tó jẹ́ ti DC sẹ́nu ọ̀nà, torí pé tí súìsì inú BMS bá jóná, ó lè jóná ní ṣíṣí sílẹ̀, kò ní lè já okùn mọ́. Ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jà: "Àbúrò, sẹ́ẹ̀lì yìí dáa gan-an, kò nílò BMS." Ẹ kàn fèsì pé, "Ẹ ṣé o, Bọ̀dá," kí ẹ máa lọ.

Sẹ́ẹ̀lì náà ní ìtàn tirẹ̀ kó tó dé ọjà. Òmíràn, mọ́tò ti lò ó tán. Òmíràn, ilé iṣẹ́ ti kọ̀ ọ́, ẹnìkan wá wọ ẹ̀wù búlúù tuntun fún un. Kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀ nù. Kí ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: 280Ah ojúlówó ju kílò márùn-ún lọ. Kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìyá, ọjọ́ kan náà, ilé kan náà. Kí ẹ ní kí wọ́n rọ ọ́ kún, kí wọ́n lò ó tán pẹ̀lú mítà lójú yín, ká mọ iye tó gbé gan-an.

Nípa ibi tí a máa gbé e sí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo nínú ilé wa. Abẹ́ páànù náà kọ́, ooru ọ̀sán á yan án. Sẹ́ẹ̀lì 16 ti 280Ah sún mọ́ 90 kílò kí a tó ka àpótí mọ́ ọn, nítorí náà kí ẹ má gbé e sórí ilẹ̀ onípákó àwọn ilé àtijọ́ ìdí Apapa Road láìbi káfíńtà. Tó bá ti jókòó, tí kò sí ohun tó ń fà á, kí ẹ ṣí app BMS lórí fóònù lálẹ́, kí ẹ ka nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá ń jìnnà sí àwọn yòókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró di ọjọ́ tí yóò wú kí ẹ tó pe ẹni tó tò ó.