Ta Ni Ó Ni Àga? Ìtàn Ẹkùn Ìdìbò 136 ní Ìpínlẹ̀ Georgia

Ìbéèrè kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Bí àwọn ará àdúgbò kan bá fi ìbò yan aṣojú wọn, tí kò sì sí èrú nínú ìbò náà, ta ni ó ni àga tí aṣojú náà yóò jókòó lé? Ṣé àwọn tí ó rán an ni, tàbí àwọn tí ó bá nínú ilé ìgbìmọ̀? Ìpínlẹ̀ Georgia, ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, dáhùn ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ṣì í dáhùn nígbà méjèèjì.

Ti ìṣáájú ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1868. Ogun abẹ́lé ti parí ní 1865, a sì ti dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú dìbò, wọ́n sì rán aṣojú láti inú ara wọn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọ̀kan nínú wọn ni Henry McNeal Turner, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní ìjọ African Methodist Episcopal, ẹni tí ó ti Macon wá. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún náà, àwọn aláwọ̀ funfun tí ó pọ̀ jù nínú ilé lé wọn jáde. Wọ́n ní lóòótọ́ ni òfin fún ènìyàn dúdú láyè láti dìbò, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ó wà ní ipò ìjọba. Turner dìde, ó sì sọ fún wọn pé òun kò ní tẹríba bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí í ṣe ẹ̀tọ́ òun. Àwọn tí a lé wọ̀nyí ni àwọn òpìtàn ń pè ní Àwọn 33 Àkọ́kọ́.

Ìjọba àpapọ̀ mú kí a dá wọn padà ní 1870, ṣùgbọ́n ìtura náà kò pẹ́. Owó-orí tí a gbọ́dọ̀ san kí a tó dìbò, àti òfin ọdún 1908 tí ó béèrè ìmọ̀ ìwé, lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dúdú kúrò ní ibi ìbò. Lẹ́yìn 1907, a kò tún rí ènìyàn dúdú kankan nínú ilé ìgbìmọ̀ náà títí a fi yan Leroy Johnson sí Ilé Àgbà ní 1962.

Ìdènà mìíràn sì wà nínú bí a ti pín àga. Nínú ìkànìyàn 1960, káúńtì Fulton, níbi tí ìlú Atlanta wà, ní ènìyàn 556,326, aṣojú 3 péré ni ó sì ní. Káúńtì Echols ní ènìyàn 1,876, ó sì ní aṣojú 1. Ní 1964, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí iye ènìyàn inú àwọn ẹkùn dọ́gba. Georgia tún àga pín, a sì dìbò tuntun ní oṣù Òkúdù 1965. Nínú nǹkan bí 6,500 olùdìbò tí ó wà ní Ẹkùn 136, ní Atlanta, nǹkan bí 6,000 ni ènìyàn dúdú.

Julian Bond, ẹni ọdún 25, ni wọ́n yàn. Ó ní ìbò 2,320. Alátakò rẹ̀, ẹni tí òun náà jẹ́ ènìyàn dúdú, ní 487. Bond ni akéde ẹgbẹ́ SNCC, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ènìyàn dúdú. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1966, ẹgbẹ́ náà fi ìwé tako ogun Vietnam, Bond sì ní òun fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 10, tí ó yẹ kí ó búra, ilé kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbò 184 sí 12. Wọ́n ní ẹni tí ó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè fi òótọ́ inú búra pé òun yóò pa òfin ilẹ̀ mọ́. Bond sì dúró níbẹ̀, ó ṣetán láti búra.

Ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Martin Luther King, tí ń gbé ní ẹkùn náà, bá a pe ẹjọ́ ọ̀hún. Ní oṣù Èrèlé, adájọ́ 2 nínú 3 dá a lẹ́bi. Ní oṣù kan náà, a dìbò láti fi ẹlòmíràn sí àga tí ó ṣófo. Ta ni àwọn ará Ẹkùn 136 tún rán? Bond náà ni, kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó bá a du ipò. A tún kọ̀ ọ́. Ní oṣù Bélú, wọ́n rán an lẹ́ẹ̀kẹta.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ 1966, ọdún 98 lẹ́yìn tí a lé Turner, adájọ́ 9 ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ohùn kan dá Bond láre. Earl Warren, olórí wọn, ni ó kọ ìdájọ́ náà. Ó ní ó tọ́ kí a mú aṣòfin búra, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí àwọn tí ó pọ̀ jù nínú ilé máa wọn òótọ́ inú ẹlòmíràn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé. Aṣojú gbọ́dọ̀ lè sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀ràn tí ń fa àríyànjiyàn, kí àwọn tí ó rán an lè mọ ẹni tí wọ́n rán. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1967, Bond búra, ó sì jókòó. Lẹ́yìn náà ó wọ Ilé Àgbà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1987. Ó kú ní 2015.

Òótọ́ ni pé ilé ẹjọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí àwọn olùdìbò bá ti rẹ̀wẹ̀sì ní oṣù Èrèlé, tí wọ́n sì yan ẹlòmíràn tí ilé fẹ́, ẹlòmíràn ni ìbá ti jókòó sí àga náà kí ìdájọ́ tó dé. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, kí a má ṣe rò pé iṣẹ́ olùdìbò parí ní ọjọ́ ìbò. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàrín oṣù 17 ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí jáde lọ dìbò nítorí àga kan ṣoṣo, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ni ín.