Quito, Ìlú Ọnà Lábẹ́ Òkè Ayọnáyèéfín

Ẹni tí ó bá gúnlẹ̀ sí Quito, olú-ìlú Ẹ̀kùàdọ̀, tí ó fi nǹkan bí 2,850 mítà ga ju òkun lọ, èémí ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé orí òkè ni òun wà, kí ó tó gbójú sókè rí Pichincha, òkè gàgàrà, a-da-eérú-bo-òrùlé, tí ó bu eérú lu ìlú náà ní 1660, tí ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1999.

Ìlú àwọn Inca ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Sebastián de Benalcázar kó àwọn ará Sípéènì débẹ̀ ní 1534, eérú ni wọ́n bá, nítorí Rumiñahui, balógun Inca, ti dáná sun ún kí ó má baà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ọba tí ó ni ilé ni ó jẹ ẹwà náà. Àwọn àlùfáà ìjọ Fransisi, tí Jodoco Ricke jẹ́ aṣáájú wọn, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ní àwòrán kíkùn, ère gbígbẹ́ àti orin. Láti ibẹ̀ ni ọnà Quito ti gbilẹ̀, títí Bernardo de Legarda fi gbẹ́ ère Màríà abìyẹ́ ní 1734, tí a sì fi wúrà bo inú ṣọ́ọ̀ṣì La Compañía, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1605 tí wọn kò parí títí di 1765.

Ṣùgbọ́n ẹni tó l'ẹrú ló l'ẹrù: ọ̀pọ̀ ọwọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí kò ní orúkọ nínú ìwé. Andrés Sánchez Galque, ọmọ onílẹ̀, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1599 ó ya àwòrán Don Francisco de Arobe, olórí àwọn adúláwọ̀ etíkun Esmeraldas, ìran àwọn tí ó já ara wọn gbà lóko ẹrú, àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Pedro àti Domingo: wúrà nímú, wúrà létí, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, aṣọ olówó iyebíye lọ́rùn, ó kọ orúkọ wọn sí i, ó sì kọ tirẹ̀ náà. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ju gbogbo wúrà La Compañía lọ. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí i, kí ó má wulẹ̀ wá a lọ sí Quito: ọba Sípéènì, Philip Kẹta, ni a fi í ránṣẹ́ sí, Madrid ni ó sì wà títí di òní.