Àlejò tó wá ṣiṣẹ́ àti ogúnléndé nílẹ̀ Ẹ̀gbá: ìṣòro tí wọ́n ń kojú àti bí ará ìlú ṣe lè ràn wọ́n lọ́wọ́

Alábàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọdẹ́dá, kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí fásitì ọ̀gbìn FUNAAB tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988. Ṣùgbọ́n kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń wá sí agbègbè náà. Iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ fífọ́ òkúta ló ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò wá sí Ọdẹ́dá àti àyíká rẹ̀. Àwọn kan wá láti Benue, àwọn kan wá láti òkè Ọya, àwọn mìíràn sì sọdá láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo.

Ẹni tó ti Benue wá, ọmọ Nàìjíríà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ẹni tó ti Kétu wá ń sọ Yorùbá, ó lè júwe oríkì rẹ̀ fún yín pàápàá, síbẹ̀ òfin sọ pé àjèjì ni, torí ẹnubodè tí àwọn òyìnbó fà kọjá láàárín ilé bàbá rẹ̀ àti tiyín. Ojú kọ́ ni wọ́n fi ń mọ àjèjì, ìwé ni.

Ọ̀rọ̀ méjì tún wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀. Aṣíkiri ni ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò nílé láti wá oúnjẹ òòjọ́. Bó bá wù ú, ó lè padà. Ogúnléndé ni ẹni tí ogun lé, tàbí tí wọ́n fẹ́ pa tàbí fìyà jẹ nílùú rẹ̀ nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí òṣèlú. Tiẹ̀ yàtọ̀, nítorí òfin àgbáyé ọdún 1951 àti ti ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 1969 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ dá a padà sí ibi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu. Nàìjíríà fọwọ́ sí méjèèjì, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 1989, èyí tó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogúnléndé sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ogúnléndé yé ọmọ Ẹ̀gbá ju ẹlòmíràn lọ. Ogun ló dá Abẹ́òkúta sílẹ̀. Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, Ṣódẹkẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá wá sábẹ́ Olúmọ lọ́dún 1830. Àwọn Òwu dé bá wọn níwọ̀n ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Àwọn Sàró, tí wọ́n ti fìgbà kan tà sóko ẹrú, bẹ̀rẹ̀ sí í padà dé láti Sierra Leone ní ìparí àwọn ọdún 1830. Nígbà tí Ìjàyè sì fọ́ lọ́dún 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ àwọn tó bọ́ sá lọ. Lọ́dún 1867, ọ̀rọ̀ yí padà: rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní Ìfọ́lé lé àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá kúrò nílùú, Ẹ̀búté Mẹ́tta l'Ékòó ni wọ́n ti ríbi forí pamọ́ sí.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó jáde, ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣòwò níbẹ̀ sì délé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà fún àwọn tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù nígbà náà la ṣì ń pè ní Ghana Must Go títí dòní.

Ìṣẹ̀lẹ̀ tó kan agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n ni ti ọdún 2003. Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ọdún náà, wọ́n kó àwọn ọmọdé tó lé ní 180 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní àyíká Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí Benin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Zakpota, ìlú kan tí kò jìnnà sí Abomey. Abomey yìí náà ni olú ìlú Dàhọ̀mì tó gbé ogun wá bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Ogun ni bàbá ńlá wọn gbé wá, òòlù àti ṣọ́bìrì ni wọ́n kó lé àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Ohun tó yẹ kí èèyàn fura sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni bí àwọn ọmọ náà ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò bá ajínigbé wá. Ẹni tí ìyá àti bàbá wọn mọ̀, ọmọ abúlé kan náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n, ló mú wọn wá pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò padà pẹ̀lú owó tàbí kẹ̀kẹ́. Òun ló mọ ọ̀nà, òun ló gbọ́ èdè, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ra òkúta. Bí ó bá ní owó kò tíì pé, ta ni ọmọ náà fẹ́ bi?

Ibẹ̀ gan-an ni ìdí ìṣòro àlejò wà, ì báà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kì í fi ríran. Owó iṣẹ́ rẹ̀, ilé tó ń sùn, ìwé rẹ̀ bó bá ní, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Lébìrà tó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ìgbẹ́ṣu títí di ìgbà ìkórè lè má tíì fojú kan olóko. Bí ọ̀gá tó kó wọn wá bá kówó lọ, olóko á ní òun ti san, òótọ́ ló sì sọ. Àlejò náà kò ní lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, torí ẹ̀rù ìwé ń bà á. Bó bá ṣàìsàn, ó di ìgbà tó bá dà á dùbúlẹ̀ kó tó lọ sílé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń fi í dẹ́rù bà wọ́n. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979 fún ọmọ Benin, Togo tàbí Ghana láǹfààní láti wọ Nàìjíríà láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà tó péye. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kó gba ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ àwọn imigiréṣọ̀n. Àǹfààní kan náà ni ọmọ Nàìjíríà ń jẹ ní Kútọnu. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà pànpá ni ọ̀pọ̀ gbà wọlé láìmú ìwé kankan dání, wọ́n á wá máa fowó tán an lójú ọ̀nà lójoojúmọ́. Kọ́ńsúlétì Benin wà l'Ékòó. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù tàbí tí ọ̀gá gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lè lọ síbẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì lè fún un lówó ọkọ̀ àti ẹni tó máa mú un lọ. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn, ó ju aṣọ àlòkù lọ.

Ti àwọn ogúnléndé, ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ wa jù wà ní Orù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó, ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà. Lọ́dún 1990 ni wọ́n ṣí àgọ́ ibẹ̀ fún àwọn tí ogun Liberia lé wá. Nígbà tó yá, àwọn ará Sierra Leone dara pọ̀ mọ́ wọn. Ọmọ tí wọ́n bí nínú àgọ́ náà lọ́dún tí wọ́n ṣí i ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí wọ́n tì í lọ́dún 2007. Àwọn kan padà sílé, àwọn kan ní Nàìjíríà làwọn mọ̀. Ìlànà tí wọ́n fi ẹnu kò sí lọ́dún náà dára: kí ìjọba ilẹ̀ wọn fún wọn ní pásípọ́ọ̀tù, kí Nàìjíríà sì fún wọn ní ìwé ìgbélùú, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ bí ọmọ ECOWAS yòókù. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń gbé inú àgọ́ náà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó ti tì. Ìwé wà, ilé kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ ran ogúnléndé lọ́wọ́ lóde òní, kó bá a wá yàrá àti ẹni tó máa dúró fún un lọ́dọ̀ onílé. Àjọ UNHCR ní ọ́fíìsì l'Ékòó fún ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀.

Nílùú bí Alábàtà, ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí kò ní ná ẹnikẹ́ni lówó. Kí olóko san owó lé lébìrà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹbí rẹ̀ kan sílẹ̀, torí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà ọ̀gá nìkan kò tó. Kí Baálẹ̀ mọ àlejò lójú àti lórúkọ. Èyí dára fún ààbò ìlú, ó sì dára fún àlejò náà, torí ẹni tí Baálẹ̀ mọ̀ kò ṣe é rẹ́ jẹ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ àlejò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di tirẹ̀ lọ́dún 2006, kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan. Èyí tí wọ́n bá bí síbí gbọ́dọ̀ gba ìwé ọjọ́ìbí lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka iye èèyàn, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí àwọn òbí má ṣi í gbọ́ o: ìwé yẹn kò sọ ọmọ di ọmọ Nàìjíríà bí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan kò bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn, kò sì ní sí ẹni tó máa pe ọmọ ọdún mọ́kànlá ní ọmọ ọdún méjìdínlógún torí kó lè fọ́ òkúta.

Lọ́dún 2003 kan náà ni wọ́n dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò. Ẹni tó bá rí ọmọdé níbi ìfọ́kùúta tàbí nínú oko lásìkò iléèwé lè pe 627 lórí fóònù. Kó sọ orúkọ abúlé náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ibi iṣẹ́ náà wà, iye ọmọ tó rí, àti àkókò tí ọkọ̀ máa ń wá kó òkúta.