Láti Ọ̀dọ̀ Òǹtẹ̀wé dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀rọ Ọlọ́gbọ́n

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni mo gbójú lé títí di ọjọ́ tí ojú tì mí ní Ṣómólú; ṣùgbọ́n kí n tó ròyìn ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn.

Ní ọdún 1859 ni Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà. Ní ọdún yìí kan náà ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà ni olùkọ́ àti òǹtẹ̀wé ti jọ ń rìn. Ní 1875, àwọn àgbà ìjọ CMS péjọ sí Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa sílẹ̀. Ní 1959, ilé ẹ̀kọ́ Macaulay wà ní Bàrígà. Ní 1962, a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, èyí tí ó wà ní Àkókà nítòsí ibẹ̀ lónìí. Ṣómólú tí ó múlé tì wọ́n sì di ìlú àwọn òǹtẹ̀wé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ iṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń dì í.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT dé, ọgbọ́n àtọwọ́dá sì wọ kíláàsì. Ní 1924 kọ́, ní 2024 ni, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní ìlú Benin fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Báńkì Àgbáyé ròyìn pé wọ́n ta ẹgbẹ́ wọn yọ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí o: olùkọ́ wà pẹ̀lú wọn.

Èmi kò ní olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí bá mi kọ̀wé lórí iṣẹ́ adẹ́mu. N kò kà á tán tí mo fi gbé e lọ sí Ṣómólú. Bàbá òǹtẹ̀wé wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín: “Ìwọ ọmọ yìí, ta ní ń fi igbá gun ọ̀pẹ? Igbà ni a fi ń gùn ún. Igbá ni a fi ń bu ẹmu!”

N kò lè dá ẹ̀rọ náà nìkan lẹ́bi. Ohun tí a kọ ni ó kà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i, tí igba, igbá, igbà àti ìgbà fi jọ ara wọn lójú ìwé. Àmì tí a fò ni ẹ̀rọ náà kò rí kọ́. Bàbá mọ̀ ọ́n nítorí pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ń gun ọ̀pẹ.

Nítorí náà, ẹni tí ó ní kí a lé ẹ̀rọ jáde ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó ní kí a lé olùkọ́ jáde ṣe èyí tí ó burú jù. Ẹ jẹ́ kí a kọ èdè wa pé pérépéré, kí a sì ka ohun tí a bá fẹ́ fi orúkọ wa sí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní tirẹ̀ ni ó ń ràn lọ́wọ́.