Ọkọ̀ Jíjí àti Ẹ̀rín Ọ̀dọ́langba

Ìwé Tschick, tí Wolfgang Herrndorf, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ, tí ó sì jáde ní 2010, ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń pè ní ìwé amóríyá. Wọn kò purọ́. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ibi tí oríyá náà ti ṣẹ̀ wá, nítorí ìtàn bí a ti ṣe kọ ìwé náà kò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Ní nǹkan bí 2004 ni Herrndorf tún àwọn ìwé tí ó fẹ́ràn ní ìgbà èwe rẹ̀ kà, Huckleberry Finn sì wà lára wọn. Ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ó jọ wà nínú wọn: a máa ń tètè mú àwọn àgbàlagbà kúrò lọ́nà, ìrìn àjò ńlá a máa wà níbẹ̀, omi ńlá a sì máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa tí a ti ka Fágúnwà. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ìyá Àkàrà-oògùn kú, bàbá rẹ̀ tẹ̀lé e, kí òun nìkan tó forí lé igbó náà. Ṣùgbọ́n omi ńlá wo ni ọmọ Berlin òde òní yóò bá lọ? Ọkọ̀ ni Herrndorf fi dípò rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjì yóò jí ọkọ̀ gbé: bí èrò yìí ti sọ sí i lọ́kàn ni ìtàn ti délẹ̀.

Maik, ọmọ ọdún 14, ni ó ń sọ ìtàn náà. Ilé wọn tóbi, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Ọtí ti di bárakú fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti gbé e lọ síbi ìtọ́jú. Bàbá rẹ̀ bá ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ gbafẹ́, ó fi owó sílẹ̀ fún ọmọ. Ní àkókò yìí gan-an ni Tschick, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì tí ó ti Rọ́ṣíà wá, wa ògbólógbòó ọkọ̀ Lada kan tí ó jí dé ẹnu ọ̀nà wọn. Wọ́n ní Walachei ni àwọn ń lọ. Lẹ́nu àwọn ará Jámánì, orúkọ yìí dúró fún ibi jíjìnnà réré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀; bẹ́ẹ̀, ó wà lóòótọ́ ní ilẹ̀ Rùmáníà. Wọn kò ní máàpù.

Àwọn àjèjì ojú ọ̀nà ni ó dùn mọ́ mi jù. Obìnrin kan tí kò mọ̀ wọ́n rí bọ́ wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Isa, ọmọbìnrin tí wọ́n bá pàdé lórí ààtàn, tí ara rẹ̀ dọ̀tí, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ni ó mọ bí a ti í fi ọ̀pá rọ́bà fa epo jáde nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Arúgbó kan kọ́kọ́ yìnbọn sí wọn, lẹ́yìn náà ni ó pè wọ́n wọlé. Láti kékeré ni Maik ti ń gbọ́ lẹ́nu òbí àti olùkọ́ pé ìkà ni ọmọ aráyé. Ó wá ń ṣe kàyéfì pé àwọn díẹ̀ tí kò burú ni àwọn ń bá pàdé ṣáá. Àwọn kan yóò ní àlá lásán ni èyí. N kò gbà. Ẹni tí ọkọ̀ bá ti dẹnu kọlẹ̀ fún lójú ọ̀nà jíjìn lóru mọ̀ pé kì í ṣe ará ilé ni í bá a tì í.

Ní oṣù kejì ọdún 2010 ni àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ọpọlọ Herrndorf, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn pẹ́. Ẹni ọdún 44 ni. Lára àwọn iṣẹ́ tí kò tí ì parí, ìtàn àwọn ọmọ tí wọ́n jí ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó parí rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì jáde ní ọdún náà gan-an. Ní 2011 ó gba ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́ ti ilẹ̀ Jámánì. Ní 2016 Fatih Akin sọ ọ́ di fíìmù. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá àwọn tí wọ́n ń pe irú ìwé báyìí ní eré ọmọdé jiyàn. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọjọ́ òun ti kù díẹ̀ ni ó jókòó, tí ó yan ẹ̀rín.

Àwọn ọmọ náà kò dé Walachei. Lójú òpópónà márosẹ̀ ni wọ́n ti kọlu ọkọ̀ akẹ́rù tí ó kó ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá Maik lù ú kí ó lè di ẹ̀bi ru Tschick ní kóòtù, ọmọ kọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìyá rẹ̀, tí ó ti mutí yó, bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga àti tábìlì ilé sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ bá a dá sí i. Àwọn méjèèjì bọ́ sínú omi, wọ́n rì dé ìsàlẹ̀, wọ́n sé èémí, àwọn ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ létí omi, wọ́n ń wò wọ́n. Lójú tèmi, omi ńlá tí Herrndorf kò rí àyè fún níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìtàn Isa ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó kú ní Berlin ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2013. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014, láìparí.