Hang Up: Gígé Ìpè Lórí Fóònù

Hang up ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ ara rẹ̀ gé ìpè. Hang nìkan ni kí á gbé nǹkan kọ́, bí ẹni fi ẹ̀wù kọ́ sára ògiri. Ara ẹ̀rọ àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ lórí tẹlifóònù ní ọdún 1876; nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ní ìkọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi èyí tí wọ́n ń gbé sétí kọ́. Ìwúwo rẹ̀ á tẹ ìkọ́ wálẹ̀, iná inú wáyà á sì já.

Ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, bíi níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, "gé e" ni wọ́n ń wí. Ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. "Ó ti gé" lè jẹ́ ènìyàn ló gé e, ó sì lè jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ló ṣe é. She hung up kò gba ti nẹ́tíwọ̀kì: ẹni náà ló mọ̀ọ́mọ̀ gé e. Bí ìpè bá ṣàdédé já, we were cut off ló tọ́; ẹni tó bá sọ hung up ti di ẹ̀bi ru aláìṣẹ̀. Pípa fóònù tún yàtọ̀, switch off nìyẹn.

Bí a bá fi on kún un, she hung up on me, ó di ìwọ̀sí: ó gé e mọ́ mi lẹ́nu. Èyí kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti mọ̀ lára, nítorí ọmọ tí a kọ́ dáadáa kì í gé ìpè kí àgbà tó gbàdúrà tán, kí òun náà sì ṣe àmín.

Gígé kan wà tí kò ní ìwọ̀sí nínú. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní 2001, ìṣẹ́jú kan tó nǹkan bíi náírà 50, ìṣẹ́jú odidi ni wọ́n sì ń kà títí Globacom fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú-àáyá ní 2003. Àwọn ènìyàn wá ń fíláàṣì: fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gé e, kí olówó pè padà. He hung up before I answered ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Hung ni ti àná, kì í ṣe hanged, èyí tó jẹ́ ti ẹni tí wọ́n yẹgi fún. Hang on ní tirẹ̀ kì í gé ìpè rárá: "ẹ dúró díẹ̀" ni.